Àmì Ajídèwe Lójú Máàpù

Àwẹ̀ró ń fọ abọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lórí omi nígbà tí fóònù tó fi kọ́ ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó gbé fóònù náà sójú, ó sì rí i pé ọ̀kan nínú àwọn àmì rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ó tàn, ó kú. Ó tàn, ó kú, bí tanátaná inú èèsún.

Máàpù ìlú Agbélómi ló wà lójú fóònù náà. Ọ̀sà ló gba gbogbo ibẹ̀, ó dúdú bí aró, àwọn ilé sì léfòó sórí rẹ̀ bí ọ̀wọ́ pẹ́pẹ́yẹ. Ní àwọn ìlú mìíràn, àmì pupa kan náà ni gbogbo ilé ń lò lójú máàpù, èyí tó rí bí ẹ̀kán omi tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Ẹni tó bá wò ó kò lè mọ ilé aláyọ̀ yàtọ̀ sí ilé oníjà. Ṣùgbọ́n ní Agbélómi, Àwẹ̀ró ló ń ya àmì. Obìnrin kan wà tó máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀: obì tó là sí méjì ni Àwẹ̀ró yà sórí ilé tirẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí kì í sùn: ojú òwìwí ni tirẹ̀. Bí èèyàn bá fi ìka tẹ àmì kan, ohùn Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ni yóò jáde, tí yóò máa kọrin onílé náà, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ á gbọ́ orin ọ̀hún, á yí orí padà, á sì forí lé ibẹ̀.

Èyí tó ń ṣẹ́jú yìí, ìgèrè ẹja kékeré ni, tí ìrù ẹja àrọ̀ kan yọ lẹ́nu rẹ̀. Àmì ilé Ajídèwe ni.

"Ajídèwe, ọkọ mi," ni Àwẹ̀ró wí fún fóònù náà, "kí ló dé tí ẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi láàárọ̀ kùtù? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé arúgbó ni mí ni?"

Inú ara rẹ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín bó ti ń tẹ àmì náà. Orin rẹ̀ jáde, orin tó ti kọ kí irun orí rẹ̀ tó funfun:

*Ajídèwe, ọkọ mi kékeré,*
*Ó jí, ó bọ́jú, ó dọ́sà,*
*Ẹja gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹja ń jó.*
*Ta ló bí ọ tó o fi dán báyìí?*
*Ìyá ọkọ mi ló bí ọ,*
*Ẹ̀yìn mi lo gùn dàgbà.*

Orin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìparí ni ohùn mìíràn já a gbà. Ohùn obìnrin ni. Ó tutù, kò sì mí.

"Àmì yìí kò bá ìwé orúkọ mu," ni ohùn náà wí. "Kí ẹni tó fi àmì náà síbẹ̀ pe orúkọ onílé kí oòrùn tó wọ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, a ó ti máàpù pa, kò sẹ́ni tí yóò lè tún un ṣe mọ́ títí òjò yóò fi lọ. Àmì tí a kò bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ yóò parẹ́."

Àwẹ̀ró dá ẹ̀rín dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà tún sọ ohun kan náà, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò yọ ọ̀kan kúrò.

Kò pẹ́ sí i tí ọkọ̀ kékeré kan fi dé ìdí òpó ilé rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé àwọn òṣìṣẹ́ máàpù ló wọ̀. Mosúnmọ́lá lorúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣọ́ gbogbo àmì apá ọ̀sà yìí. Kò tíì pẹ́ tó wọ ilé ọkọ, làálì ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ṣí tán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi," ló wí, ó sì kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀.

"Wọlé, ọmọ mi. Gba ọ̀tún o, pákó tòsì ti jẹrà, ó ti fẹ́ gbé àlejò kan mì lánàá."

Mosúnmọ́lá gba ọ̀tún wọlé. Ó jókòó sórí àpótí. "Àmì tó ń ṣẹ́jú yẹn ló gbé mi wá. Òun nìkan ló kù ní gbogbo Agbélómi."

"Obì ńkọ́? Òwìwí ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀ digbí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àwòrán yín, Màámi. Orúkọ abẹ́ wọn nìkan la tún ṣe. Àwọn ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn ló ti bá wọn fi àwòrán yín kan náà ṣe àmì tuntun síbẹ̀ láti oṣù tó kọjá, wọ́n sì ti pe orúkọ wọn."

"Kí ni orúkọ tí mo fún wọn ṣe yín?"

"Kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ilé méjì ló ń jẹ́ Ìdílẹ̀kẹ̀ ní ìlú kan lápá òkè. Ọkọ̀ gbé oògùn ọ̀kan fún èkejì. Ọlọ́run ló yọ obìnrin tó gbé e mì. Ìyẹn ni ìjọba fi ní kí orúkọ abẹ́ àmì jẹ́ èyí tó wà nínú ìwé."

Àwẹ̀ró mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èèyàn ò gbọdọ̀ gbé oògùn olóògùn mì."

"Torí náà," ni Mosúnmọ́lá wí, ó na fóònù tirẹ̀ síwájú, "ẹ kàn pe orúkọ bàbá náà síbí, ó ti parí."

Àwẹ̀ró wo fóònù náà bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ àkekèé síwájú. "N kò lè pè é."

"Ṣé ẹ ti gbàgbé rẹ̀ ni? Mo ní i níbí, ẹ jẹ́ kí n kà á fún—"

"Má kà á. Mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ni."

Mosúnmọ́lá ṣí ojú. "Wọ́n ní bàbá ti…"

"Èyí tó fẹ́ mi ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àbúrò rẹ̀ ni Ajídèwe. Nígbà tí mo wọ ilé wọn, ó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Èmi ni mò ń sá ẹní náà sóòrùn. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí n tó dé, torí náà ọkọ mi ni. Ìyàwó kì í sì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ."

"Àbúrò ọkọ tèmi, Dèjì ni mò ń pè é," ni Mosúnmọ́lá wí. "Bó bá fọwọ́ kan ẹran inú ìkòkò mi, mo máa ń pè é lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ayé yín dùn." Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ṣé ẹlòmíràn ò lè bá mi pè é?"

"Ẹni tó fi àmì síbẹ̀ nìkan ni máàpù mọ ohùn rẹ̀. Ẹlòmíràn lè fi àmì tuntun síbẹ̀, àmọ́ àmì tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbó kí ọkọ̀ tó lè gbà á gbọ́, ó sì ń tó oṣù kan. Ìrọ̀lẹ́ òní la ó sì ti máàpù pa."

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Màámi, ẹ̀yin náà mọ̀."

Àwẹ̀ró mọ̀ lóòótọ́. Nígbà tí omi kọ́kọ́ gba ilẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sórí omi òfìfo, wọ́n ń sọ pé ibẹ̀ ni ilé bàbá àwọn. Ọkùnrin kan ní ọgọ́rùn-ún ilé lójú máàpù, ọ̀pọ̀lọ́ kan ṣoṣo kò sì sùn nínú wọn rí. Láti ìgbà náà ni òfin ti dé pé kò sẹ́ni tí yóò fi àmì ara rẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Aládùúgbò ẹni ní í sọ pé, bẹ́ẹ̀ ni, lágbájá ń gbé níhìn-ín, mo mọ̀ ọ́n, mo máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ẹnu aládùúgbò ni òpó ilé. Bí wọ́n ṣe ń wí nìyẹn. Àwẹ̀ró sì nìkan ni aládùúgbò tí Ajídèwe ní, torí ibi tó jìnnà lẹ́yìn koríko ọ̀sà ló kọ́lé sí, níbi tí omi ti dákẹ́ tí ọmọ ẹja rẹ̀ lè ti dàgbà láìsí ariwo ẹ́ńjìnnì.

Bí àmì Ajídèwe bá parẹ́, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Nǹkan kan wà lábẹ́ awọ àyà rẹ̀ tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ, tó ń bá ọkàn rẹ̀ ka ìgbésẹ̀. Iná ni nǹkan náà ń mu bí èèyàn ṣe ń mu ẹ̀kọ. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ ìwòsàn ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti fún un ní iná. Bí ọkọ̀ kò bá rí àmì, kò ní yà. Bí kò bá yà, nǹkan náà á sùn, ọkàn Ajídèwe á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ẹsẹ̀ jó, títí tí yóò fi jókòó kúrò nínú ijó.

"Mo lè gbé bàbá lọ sí Ilé Gogoro títí òjò yóò fi lọ," ni Mosúnmọ́lá wí jẹ́jẹ́. "Ilé náà ní àmì tirẹ̀. Àwọn àgbàlagbà pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń tọ́jú wọn."

"Ilé tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí? Ajídèwe? Ọmọ mi, ká tó fi ibẹ̀ gba ọkàn rẹ̀ là, ìbànújẹ́ á ti pa ìyókù ara rẹ̀."

Àwẹ̀ró gba fóònù náà. Ó yí ẹ̀yìn sí Mosúnmọ́lá, ó kọjú sí ògiri, ó sì la ẹnu. Orúkọ náà wà níbẹ̀, ó jókòó sí orí ahọ́n rẹ̀, kíkún bí ìgbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó wọ ilé ọkọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ọkọ rẹ̀ fà á lọ́wọ́ wọ yàrá. Ó ní: "Ìyàwó, kò sí yàrá tuntun nínú ilé yìí. Orúkọ tí o bá fún àwọn ọmọ mi ni yàrá tí o kọ́ fún ara rẹ. Bí o bá pe èyí tí àwa sọ wọ́n, àlejò ni ọ́." Àwẹ̀ró wo àwọn ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fún wọn lórúkọ: Akọ́wé, Ìbàdíàrán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, títí ó fi kan kékeré tó gbé ẹja àrọ̀ kan tó ń ta ràpàràpà sí àyà, tó ní ìyàwó tuntun lòun mú un wá fún. Ojú ọmọ náà tutù bí ìrì. Ajídèwe ló sọ ọ́.

Ó pa ẹnu dé. Ó yíjú padà.

"Kò ní wá," ló wí. "Mo ti ń pè é láti inú, kò ní jáde."

"Kò sẹ́ni tó máa gbọ́, Màámi. Èmi á bọ́ síta."

"Èmi náà ní etí." Àwẹ̀ró dìde, ó bu púpurú sínú abọ́ kan, ó bu ọbẹ̀ ẹja sínú èkejì, ó fi aṣọ dì wọ́n. "Gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí n óò bá pe ọkọ mi lórúkọ, ojú rẹ̀ ni n ó ti pè é, tó bá gbà fún mi. N kò ní jí i pè lẹ́yìn rẹ̀ bí olè."

Wọ́n wọ ọkọ̀ Mosúnmọ́lá. Ọkọ̀ náà gbọ́ orin ìgèrè, ó yí orí padà, ó sì ń lọ láìsí ẹni tó tọ́ ọ. Ọ̀nà náà jìn, oòrùn ti fi orí kọjá àárín ọ̀run. Wọ́n kọjá lórí ibi tí ìlú àtijọ́ wà nísàlẹ̀. Omi mọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n rí orí òrùlé kan tí ewé omi hù sí bí irùngbọ̀n. Àwẹ̀ró juwọ́ sí i. Kò sọ ilé ẹni tó jẹ́, Mosúnmọ́lá kò sì bèèrè.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu koríko, ọkọ̀ náà dúró.

"Ibi tí ẹ̀ ń lọ kò dájú mọ́," ni ọkọ̀ wí. "A ó padà sílé."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí. Mosúnmọ́lá tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún, ó bẹ̀ ẹ́, ó fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ kò dá a lóhùn. Ó ṣe é ní kàyéfì, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀.

"Pa á," ni Àwẹ̀ró wí.

"Kí n pa á kẹ̀?"

"Ó lẹ́nu, kò ní ọgbọ́n. Pa á, ká fi ọwọ́ wà á. Ṣé o ti wa ọkọ̀ rí?"

"Rárá, Màámi."

"A jẹ́ pé òní lo máa rí ìwúlò apá rẹ."

Wọ́n fa pákó ìjókòó kan yọ, Mosúnmọ́lá fi ń wà, Àwẹ̀ró sì dúró níwájú, ó ń fi ọ̀pá ti ìsàlẹ̀ omi. Kí ọwọ́ wọn lè bára mu, ó dá orin:

*Ọkọ̀ tó gbàgbé ọ̀nà,*
*Wà á, ọmọ mi, wà á.*
*Omi ò gbàgbé ibi tó ń lọ,*
*Wà á, ọmọ mi, wà á.*
*Apá ìyàwó tuntun rọ̀ bí ẹ̀kọ,*
*Wà á, ọmọ mi, wà á.*

"Apá mi ò rọ̀ o," ni Mosúnmọ́lá wí, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Orin ló wí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi."

Bí koríko ti là báyìí, ilé Ajídèwe yọ. Òun náà wà lórí pákó níta, irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó ń fọ́n oúnjẹ fún ọmọ ẹja nínú àwọ̀n. Ó gbọ́ orin kó tó rí wọn.

"Ìyàwó mi," ló kígbe, "ta lẹ gbé bọ̀ yẹn? Ṣé ìyàwó kejì lẹ fẹ́ fún mi ni?"

"Ìjọba ni o, ọkọ mi."

"Ìjọba yìí mà rẹwà. Àwọn tó wá lọ́dún tó kọjá, irùngbọ̀n wọn dé àyà."

Mosúnmọ́lá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí aṣọ tó wọ̀, ó kúnlẹ̀ kí i. Bí Àwẹ̀ró àti Ajídèwe ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ń jọ ọ́ lójú. Ẹni tí wọ́n pọ̀n ń bu ọlá fún ẹni tó pọ̀n ọ́n, ó ń pè é ní ẹ̀yin. Ẹni tó pọ̀n ọ́n náà ń pè é ní ẹ̀yin, torí ọmọ ilé ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ wá, tí ẹnì kankan nínú wọn kò gbà fún ẹnì kejì.

Àwẹ̀ró kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ lórí pákó, ó sì ro ẹjọ́ náà fún un, láti orí àmì tó ń ṣẹ́jú dé orí ọkọ̀ tó yíjú padà. Nígbà tó parí, ó ní: "Ọkọ mi, ẹ fún mi láyè kí n pè é. Lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ di etí yín bó bá wù yín."

Ajídèwe gbé abọ́ oúnjẹ ẹja sílẹ̀. Ó wo omi títí.

"Ẹ dìde ná," ló wí. "Gbogbo ayé ló lè pe orúkọ yẹn, inú mi á dùn. Kì í ṣe ẹ̀yin. Àwọn tó sọ mí lórúkọ náà ti wà nísàlẹ̀ omi. Ẹ̀yin lẹ kù nínú àwọn tó mọ̀ mí kí eyín mi tó pààrọ̀. Bí ẹ bá pè é lónìí, a jẹ́ pé ìyàwó kankan ò wọ ilé wa rí."

"Bí n kò bá pè é, ọkọ kankan ò ní kù nínú ilé yín."

Ẹja kan fò sókè nínú àwọ̀n, ó já bọ́. Oòrùn ti ń tẹ̀ sí orí koríko.

Ajídèwe yíjú sí Mosúnmọ́lá. "Ọmọ mi, orúkọ inú ìwé yín yẹn, ta ló ni ín? Ṣé ìjọba ni, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Mosúnmọ́lá ronú. "Ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀. Àmì nìkan lẹ ò lè fi síbẹ̀ fúnra yín, orúkọ ò sí nínú ìyẹn. Àmọ́ ẹnì kan tó dàgbà jù yín lọ gbọ́dọ̀ sọ yín lórúkọ náà lójú ẹlẹ́rìí, bí wọ́n ti ń sọ ọmọ tuntun. Èmi lè ṣe ẹlẹ́rìí."

Ojú Ajídèwe là. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó parí nìyẹn. Ìyàwó mi, ẹ sọ mí ní Ajídèwe. Ìwé á gbà á, máàpù á gbà á, ẹnu yín náà kò ní dẹ́ṣẹ̀. Orúkọ tí ẹ fún mi náà ni mo ti ń jẹ́ látọjọ́ yìí."

Àwẹ̀ró la ẹnu, inú rẹ̀ ti dùn dé etí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń fà kúrò létí èbúté.

"Ọkọ mi, ẹ ti rò ó dé òpin?"

"Èwo ló kù?"

"Ìyàwó kì í sọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ níwájú abọ́ omi. Ìyá ló ń sọ ọmọ. Bí mo bá sọ yín lórúkọ lónìí, òní ni ẹ wọ ilé. Èmi ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ ò ní jẹ́ ọkọ mi mọ́."

Mosúnmọ́lá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo koríko. Òun tó ń pe Dèjì ní Dèjì, ó wá ń ronú pé òun kò tíì fún ẹnikẹ́ni lórúkọ nínú ilé tí òun wọ̀.

"Akọ́wé ti lọ," ni Ajídèwe wí nígbà tó yá. "Ìbàdíàrán ti lọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ lọ́dún èṣí. Ta ni yóò wá máa pè yín ní ìyàwó?"

"Kò sí."

"Ẹ fi í sílẹ̀ nígbà náà. Mo ti jẹun lọ́wọ́ yín pẹ́. Ọkàn mi lè fara da òjò kan."

"Kò lè fara dà á. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè fara dà á, ẹ kàn ń tàn mí bí ìgbà tí ẹ ní ẹ ò tọ̀ sórí ẹní ni."

Ajídèwe rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́ omi. Ó rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ìlà rẹ̀, irun rẹ̀ tó ti funfun lábẹ́ gèlè. Fún ọdún gbọọrọ, ó ṣì jẹ́ ìyàwó ilé kan tí kò sí lórí ilẹ̀ mọ́, torí ọkùnrin kan ṣì wà tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ohùn ọkùnrin náà ni ilé ọ̀hún kù sí. Ó dùn ún. Kò pa á mọ́ra pé ó dùn ún. Ó jẹ́ kí omi bọ́ lójú rẹ̀ sínú ọ̀sà, kò tilẹ̀ nù ún. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀, ó sì tún gèlè rẹ̀ wé, bí ẹni tó fẹ́ gba àlejò.

"Ẹ wá iyọ̀ wá," ló wí. "Ẹ mú ẹja kan láàyè. Omi ti wà nílẹ̀, ọ̀sà ni abọ́ wa."

Ajídèwe wọlé lọ mú iyọ̀ tó fi ń tọ́jú ẹja. Ó ki ọwọ́ bọ àwọ̀n, ó yọ ẹja àrọ̀ kékeré kan. Mosúnmọ́lá gbé fóònù sókè kí ìwé orúkọ lè gbọ́. Ó rò ó, ó tú ìlẹ̀kẹ̀ kan kúrò lára irun rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sínú omi, torí ẹni tó bá wà níbi ìsọmọlórúkọ kì í wà níbẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo.

Àwẹ̀ró fi ìka kan omi, ó fi kan iwájú orí ọkùnrin arúgbó náà. "Omi rè é. Ẹnì kan kì í bá omi ṣọ̀tá." Ó fi iyọ̀ sí i létè. "Iyọ̀ rè é. Adùn ni tirẹ̀." Ó gba ẹja, ó fi orí rẹ̀ kan orí Ajídèwe, ó sì jẹ́ kó yọ́ padà sínú ọ̀sà. "Orí ni ẹja fi ń la ibú. Orí rẹ á là á."

Ohùn rẹ̀ kò wárìrì. "Mo sọ ọ́ ní Ajídèwe. Jẹ́ orúkọ náà pẹ́."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin tó fi ń pè é ti bọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ó wá a. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ bó ti bọ́.

"A ti kọ ọ́," ni fóònù wí. Lẹ́yìn náà: "Kí ẹni tó fi àmì síbẹ̀ pe orúkọ onílé."

"Ajídèwe," ni Àwẹ̀ró wí, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ tó pẹ́ jù ní ìta.

Ìgèrè kékeré náà kò ṣẹ́jú mọ́. Ó tàn, ó sì dúró. Kò pẹ́ tí oòrùn fi fẹsẹ̀ kan omi, tí àwọ̀ ojú máàpù sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àmì pé wọ́n ti tì í pa. Ní ọ̀nà jíjìn, níhà ìlú, iná ọkọ̀ ìwòsàn kan yí kúrò lójú ọ̀nà tó ń tọ̀, ó forí lé koríko. Lórí omi tó dákẹ́, wọ́n gbọ́ orin Ajídèwe tó ń bọ̀ wẹ́wẹ́.

Ajídèwe di òpó mú, ó rọra tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí pákó nítorí àyà rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣeun, Ìyá mi."

"Màámi," ni Mosúnmọ́lá wí, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "ẹ kú ewu ọmọ."

Ẹ̀rín gbé Àwẹ̀ró. Ó rín in títí ó fi di òpó mú, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èwo ni omi ẹ̀rín níbẹ̀ àti èwo ni òmíràn. Nígbà tó rọlẹ̀, ó tú aṣọ tó fi di abọ́, ó gbé púpurú àti ọbẹ̀ sí àárín.

"Dìde, Ajídèwe. Wá jẹun kó tó tutù."

Orí ẹja ńlá kan wà nínú ọbẹ̀ náà. Àwẹ̀ró ló fi sínú rẹ̀ láàárọ̀, bó ti máa ń fi í sínú rẹ̀, torí ọkọ ní í jẹ orí. Ọwọ́ Ajídèwe ti ń lọ síbẹ̀ kó tó rántí. Ọwọ́ náà dúró lójú abọ́.

Àwẹ̀ró fa orí ẹja sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ti ìyá ni," ló wí.

Ajídèwe mú ìrù.